Àwo Láìfù ní Pálọ̀ Morọ́láyọ̀

Ká ní ọtí ni ọkọ Morọ́láyọ̀ ń mu, ì bá mọ bí òun ṣe máa rò ó fún ẹbí. Ká ní obìnrin ló ń lé kiri, àwọn àgbà ì bá ti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ẹni tó jẹ̀bi ì bá ti dọ̀bálẹ̀, ayé ì bá sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ta ni kí ó lọ bá ní Iléṣà, kí ó ní àwo orin òyìnbó kan ló gba ọkọ mọ́ òun lọ́wọ́? Wọ́n á ní kí ó lọ gbàdúrà ni. Wọ́n tiẹ̀ lè ní òun gan-an ló yẹ kí wọ́n gbàdúrà fún.

Bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, kò lé, kò dín. Ní ọdún 2004 tí à ń wí yìí, ó ti tó ogún ọdún tí Morọ́láyọ̀ ti tẹ̀ lé Adékọ́lá wá sí ìlú Benin. Ogida ni wọ́n ń gbé. Adékọ́lá ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Airport Road. Morọ́láyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Siluko Road, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin Ẹ̀dó fi ń kọjá níwájú télọ̀ mìíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ṣùbòmí, tó wà ní yunifásítì ní Ugbowo nígbà náà. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí o bá fi Yorùbá pè é, Pidgin ni á fi dá ọ lóhùn. Títí dé ibẹ̀, kò sí ohun tí ojú ò rí rí. Àwo náà ni wàhálà.

Àwo náà ní orúkọ, àwọn tó kọ ọ́ náà sì ní orúkọ, ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, Láìfù ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé kò sí irú rẹ̀ mìíràn láyé. Àwọn òyìnbó onírun gígùn márùn-ún kan ló kọrin rọ́ọ̀kì níwájú èrò ní gbọ̀ngàn ńlá kan, nígbà tí Morọ́láyọ̀ ṣì ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àtorin àtariwo, wọ́n sì tà á fún aráyé. Ìbàdàn ni Adékọ́lá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nígbà tó wà ní Poli. Ó ra àwo náà kí ó tó ra bẹ́ẹ̀dì tí ó máa sùn lé. Nígbà tí àwo ńlá ìgbà yẹn fọ́, ó ra kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì lọ́ mọ́ra, ìbátan rẹ̀ kan fi síídì ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ tí síídì náà dé, ènìyàn á rò pé ọmọ tuntun ni wọ́n gbé wọlé.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, pálọ̀ kì í ṣe ti Morọ́láyọ̀ mọ́. Èyímofẹ́, ọmọ Ìlàjẹ tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní kẹ́mísìrì, á dé. Àkàndé tó ń ta bátìrì mọ́tò ní Siluko Road á kí ìrun àílà tán, òun náà á dé. Wọ́n á jókòó sórí àga gígùn bí ẹni tó sanwó wọlé. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ gba iwájú wọn kọjá. Bí o bá ń ti kíṣìnì lọ sí yàrá, kí o yáa gba ìta, kí o yí ilé po. Wọn ò gbọ́dọ̀ tan jẹnẹrétọ̀, nítorí ariwo rẹ̀ á ba Láìfù jẹ́. Èyí tó wá burú jù ni pé bí NEPA bá mú iná lọ láàárín, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé. Láti orí ni. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń wọ gbọ̀ngàn eré nígbà tí eré bá ti dé ìdajì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ NEPA, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ á fẹ́ẹ̀ ṣú, tí wọ́n ṣì wà lórí orin àkọ́kọ́, ìrẹsì tí Morọ́láyọ̀ sè fún wọn á sì ti tutù bí omi òjò.

Bí àwọn èrò inú àwo bá pàtẹ́wọ́, àwọn náà á pàtẹ́wọ́. Bí orin kan bá dùn jù, wọ́n á dìde dúró, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí irun orí wọn ti ń funfun, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ. Ojú máa ń ti Morọ́láyọ̀ tí ó bá rí wọn láti ojú wíńdò. Ó máa ń gbàdúrà kí pásítọ̀ má lọ yọjú lásìkò náà.

Bí o bá sì ṣèèṣì bi wọ́n pé kí ló dùn nínú rẹ̀, o ti dáràn. Morọ́láyọ̀ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sì kábàámọ̀.

"Ìyàwó wa," Èyímofẹ́ ní, ó gbé àwo ìrẹsì kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wàásù, "orin tí wọ́n bá kọ ní sitúdíò, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n bá ṣì, wọ́n á tún un kọ. Ti Láìfù ò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é níwájú èrò náà ló wà níbẹ̀. Ohùn akọrin há ní ibì kan, ẹ máa gbọ́ bó ṣe há. Onígìtá dúró láti tún okùn gìtá rẹ̀ ṣe, ẹ máa gbọ́ ọ. Nínú orin kẹta, igi ìlù bọ́ lọ́wọ́ onílù, ọwọ́ kan ló fi ń lu ìlù títí wọ́n fi fún un ní òmíràn. Kò dúró o! Èrò ò tiẹ̀ mọ̀."

"Bọ̀dá, bí èmi bá rán aṣọ tí mo gbé apá rẹ̀ sódì," Morọ́láyọ̀ ní, "ṣé oníbàárà máa dìde pàtẹ́wọ́ fún mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní obìnrin ò lè mọ̀ ọ́n. Adékọ́lá ló kọ́kọ́ gbọ́ igi ìlù yẹn, ní ọdún 1991. Àwọn méjì yòókù ní irọ́ ló ń pa, àfìgbà tí wọ́n yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, tí wọ́n fi etí lé sípíkà, tí wọ́n sì gbọ́ igi tó já lulẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Àkàndé ti sọ ọ́ ní Elétí Ehoro, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Bí orin kan bá dún níbikíbi, Adékọ́lá ni wọ́n máa ń wò, láti mọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀ tí wọn ò gbọ́. Ọkùnrin tí kò ga, tí kò lówó rẹpẹtẹ, tí kò sì dé ipò máníjà, etí ló fi ń ṣe fáàrí láwùjọ.

Etí ehoro yìí kan náà ni kì í gbọ́ ti Morọ́láyọ̀. Ìyẹn ló ń mú inú rẹ̀ ru. Ó lè dúró ní kíṣìnì kí ó pe "Bàbá Ṣùbòmí!" títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ, ọkùnrin náà á jókòó sí pálọ̀, á máa ka ìwé ìròyìn. Bí ó bá wá dúró níwájú rẹ̀, á gbé ojú sókè, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà, Ìyá Ṣùbòmí. Yé bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri." Ohunkóhun tí o bá bi í, "Ó dáa" ni á wí. Ṣé kí n se iṣu? Ó dáa. Àbí ẹ̀bà lẹ fẹ́? Ó dáa. Ní ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá, wọ́n bi í bóyá á lè ṣe akọ̀wé, ó ní ó dáa, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì yọjú sí ìpàdé mìíràn mọ́. Morọ́láyọ̀ ni wọ́n ń wò ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó fi ọkọ pamọ́. Ṣùbòmí kì í tilẹ̀ pe bàbá rẹ̀ mọ́. Bí ó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, èjìká ni á lọ fọwọ́ kàn. Morọ́láyọ̀ bá a wí pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ náà ní, "Mummy, na so e easy pass," ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Morọ́láyọ̀ ti gbà pé apirọrọ ni ọkọ òun. Ẹni tó lè gbọ́ igi tó bọ́ lọ́wọ́ òyìnbó ní òkè òkun, báwo ni kò ṣe ní gbọ́ ìyàwó rẹ̀ tó wà ní kíṣìnì? Ó kàn kọ etí ikún sí òun ni. Òun ti sú u. Bí ó ṣe rò ó nìyẹn, ẹ má sì bá a wí, nítorí bí ẹ̀yin náà ì bá ṣe rò ó nìyẹn.

Ohun tó wá já okùn náà ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n pè é láti Iléṣà pé ìyá rẹ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, pé itan rẹ̀ ti kán. Morọ́láyọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, ó sáré wálé pẹ̀lú ẹkún. Adékọ́lá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò yàrá, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń gé èékánná. Morọ́láyọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ẹnu ọ̀nà, pé ìyá òun lè má rìn mọ́, pé ẹ̀rù ń ba òun. Ọkùnrin náà ò yí padà. Ó gé èékánná rẹ̀ tán, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gba ilẹ̀kùn kejì jáde lọ sí pálọ̀. Kò pẹ́ tí Láìfù fi bẹ̀rẹ̀.

Morọ́láyọ̀ nìkan ló wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà. Ní ọjọ́ kẹta, Adékọ́lá fi ojú ara rẹ̀ hàn níbẹ̀ pẹ̀lú iṣu àti òróró, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní Ṣùbòmí ló sọ fún òun. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín!"

"Ìgbà wo?"

Ẹ wo irú ìbéèrè yẹn. Ìgbà wo! Níwájú ìyá tó ń jẹ̀rora lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi òun ṣe òpùrọ́. Láti ọjọ́ náà ni Morọ́láyọ̀ ti ń rò ó lọ́kàn pé bí ìyá òun bá ti nílò ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, tí ọkọ kò sì nílò òun, ibi tí òun máa wà ti hàn. Ó bá àwọn oníbàárà rẹ̀ rán èyí tó wà nílẹ̀ tán, kò gba iṣẹ́ tuntun. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kẹjọ, orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti wà nínú páálí, ó ti fi okùn dì í, páálí náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ọjọ́ Ajé ló máa lọ, kò sì ní padà wá. Ohun kan ṣoṣo ló kù, kí ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lójúkojú, kí ẹnì kankan má tún bi òun ní ìgbà wo.

Ó mọ̀ pé bí Láìfù bá ti ń kọ, òun ò ní rí ojú rẹ̀ sọ ọ́. Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, nígbà tí Adékọ́lá wà ní yàrá tó ń bọ́ aṣọ, Morọ́láyọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó fa wáyà sípíkà méjèèjì yọ. Jẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́ kí ó má dún. Bí kò bá ti dún, á yí padà, á bèèrè, á sì ní láti gbọ́ tèmi. Ó tún aṣọ orí ẹ̀rọ náà tò, ó jókòó sórí àga kékeré tó kọjú sí ti ọkọ rẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Ó ti ṣe tán.

Adékọ́lá wọlé. Ó rí i níbi tó jókòó sí, ó yà á lẹ́nu díẹ̀. "O fẹ́ bá wa gbọ́ ọ lónìí ni? Ó dáa o!" Ó fi aṣọ nu síídì, ó fi í sínú ẹ̀rọ. Ó yí ohùn rẹ̀ dé ibi tí Àkàndé fi báírò fàlà sí, nítorí pé nígbà kan ohùn náà ń lọ sókè sí i tó fi jẹ́ pé obìnrin Ẹ̀dó tó ń gbé ní ilé kejì bú wọn láti orí fẹ́ńsì pé "Una wan kill person?" Láti ìgbà náà, Àkàndé ló ń pinnu ibi tí ohùn máa dé. Adékọ́lá tẹ bọ́tìnnì. Iná pupa àti iná àwọ̀ ewé tó wà lójú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò. Ó padà sórí àga rẹ̀, ó jókòó, ó sì dijú.

Morọ́láyọ̀ ń dúró.

Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Adìẹ kan ń ké ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọdé kan ń sunkún ní ilé kejì, ìyá rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́. Adékọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó ń fi ìka lu apá àga, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó yá díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń bá akọrin sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó pàtẹ́wọ́.

Morọ́láyọ̀ kọ́kọ́ rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Inú bí i, ó fẹ́ẹ̀ dìde. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ọkùnrin yìí ti rí wáyà tí mo fà, ó fẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni. Òun náà ò sọ̀rọ̀. Ó fi ojú sí i lára. Ó ń wò ó kó rí ẹ̀rín ní ẹ̀bá ẹnu rẹ̀, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ojú tó dì náà, ojú ẹni tó ń gbádùn ara rẹ̀ ni. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ àti ẹ̀rọ tí kò dún, títí Adékọ́lá fi ṣàdédé na ìka kan sókè, tó ní pẹ̀lú ayọ̀, láìla ojú:

"Gbọ́ ọ, gbọ́ ọ! Igi ti bọ́! O gbọ́ ọ?"

Morọ́láyọ̀ wo iná tó ń fò lójú ẹ̀rọ. Ó wo wáyà tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, tó dà bí ìrù eku. Ó ní, kò pariwo, "Bàbá Ṣùbòmí." Ọkùnrin náà ń mi orí. Ó tún un pè, ó gbé ohùn sókè, "Adékọ́lá!" orúkọ tí kò fi pè é rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Ọkùnrin náà ń mi orí. Èékánná, ìyá rẹ̀, "Ìgbà wo?", gbogbo ìpè inú kíṣìnì, gbogbo rẹ̀ ya dé bá Morọ́láyọ̀ lórí àga kékeré náà. Kì í ṣe apirọrọ. Ọlọ́run mi, kì í ṣe apirọrọ.

Ibi tó wà nìyẹn tí àwọn méjì yòókù fi wọlé. Èyímofẹ́ ló ṣáájú, Àkàndé tẹ̀ lé e pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Wọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wo sípíkà tí kò dún. Wọ́n wo Adékọ́lá tó ń mi orí. Àwọn méjèèjì wá wo ara wọn. Morọ́láyọ̀ ń retí kí wọ́n bèèrè ohun tó ṣe ẹ̀rọ, bí ẹni tí orí rẹ̀ pé ṣe máa bèèrè. Wọn ò bèèrè. Àkàndé lọ jókòó ní apá ọ̀tún, Èyímofẹ́ lọ jókòó ní apá òsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Àkàndé ń wo ìka Adékọ́lá láti mọ ibi tí orin dé. Nígbà tí Adékọ́lá pàtẹ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dìde, wọ́n bá a dìde.

Morọ́láyọ̀ ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó rìn lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ó pa á. Iná pupa àti àwọ̀ ewé kú.

Adékọ́lá ti la ojú. Ó pòṣé. "NEPA! Àwọn ènìyàn yìí ò ní rí ire. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù, wọ́n á mú un wá, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí."

Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ lọ sókè, níbi tí fáànù ti ń yí gbirigbiri lórí wọn. Ó wò ó pẹ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó dúró ti ẹ̀rọ, ó sì wo wáyà tó wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó rọra jókòó.

"Láti ìgbà wo ni kò ti dún?" ó bèèrè.

Morọ́láyọ̀ kọjú sí i dáadáa. "Kò dún rárá. Kò dún láti ìgbà tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́."

Adékọ́lá yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Fìlà ni Àkàndé ń yí lọ́wọ́. Èyímofẹ́ tó máa ń ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ wàásù, kò rí ju díẹ̀ sọ. "Kọ́lá, ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀. A ò kàn mọ bí a ṣe máa sọ ọ́ fún ọ ni."

"Ẹ ti mọ̀!" Morọ́láyọ̀ ló pariwo. "Ẹ ti mọ̀! Ẹ ń wá síbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ń jẹ ìrẹsì mi, ẹ ń pọ́n ẹran mi lá, ẹ ò lè pè mí sí kọ̀rọ̀ kí ẹ ní, ìyàwó, etí ọkọ rẹ ti ń lọ? Irú ọ̀rẹ́ wo nìyẹn? Èmi tí mò ń bá a sùn ni mi ò mọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń bá a pàtẹ́wọ́ mọ̀!"

"A rò pé ìyàwó wa mọ̀," Àkàndé ní. "Ta ló máa rò pé o ò mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un, nítorí pé òótọ́ ni. Ó darí ìbínú náà padà sí ọkọ rẹ̀ tó ni ín. "Ẹ̀yin! Kí ló dé tí ẹ ò wí? Ẹ jẹ́ kí n máa pè yín bí ẹni ń pe òkú. Mo sọ̀rọ̀ ìyá mi fún yín, ẹ ń gé èékánná. Mo ti ń rò pé agbéraga ni mo fẹ́. Mo ti ń rò pé mo ti sú yín!"

Ó yára sọ ọ́, ẹkún sì ti dà á pọ̀, ṣùgbọ́n Adékọ́lá ń wo ẹnu rẹ̀ bí ọmọ iléèwé ṣe ń wo pátákó. Ó mú èyí tó mú níbẹ̀.

"O ò sú mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì mọ̀. "Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè mí, Láyọ̀. Kí ni mo fẹ́ wí? Ní báǹkì, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé mi lọ sẹ́yìn, mi ò gbọ́ àwọn oníbàárà láti ẹ̀yìn gíláàsì mọ́. Mo ní bí mo bá sọ ọ́ nílé, ó ti di òótọ́ nìyẹn."

"Ẹ sì wá ń sá lọ bá àwo yìí! Àwo tí ẹ ò gbọ́!"

"Àwo yìí, ohun kan náà ló ń sọ lójoojúmọ́. Bó dún, bí kò dún, mo mọ ibi tó dé. Kò lè tú mi fó." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fi nu síídì. "Ìwọ ni mi ò lè há sórí. Ohun tí o sọ lánàá kọ́ ni o máa sọ lónìí. Bí mo bá jókòó tì ọ́ pẹ́, o máa mọ̀."

Àkàndé gbé fìlà dé orí, ó fi ojú sọ fún Èyímofẹ́ pé kí wọ́n máa lọ. Wọ́n jáde lọ láìdágbére, Morọ́láyọ̀ ò sì sọ pé ẹ jókòó. Inú ṣì ń bí i. Inú ń bí i sí wọn, inú ń bí i sí ọkọ rẹ̀, èyí tó wá pọ̀ jù níbẹ̀ ń bí i sí ara rẹ̀, pé télọ̀ tó lè wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kí ó mọ èjìká tó ga ju ìkejì lọ, kò rí èyí tó wà nínú ilé rẹ̀. Kò mọ èyí tí ó máa mú nínú gbogbo rẹ̀. Ó rántí páálí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ó ti ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé òun máa sọ ọ́ lónìí, obìnrin tó máa ń ṣe ohun tó bá pinnu sì ni. Ó tẹ orí ba, ó ń wo ilẹ̀.

"Iléṣà ni mò ń lọ lọ́la," ó ní sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mi ò sì ní padà wá."

Ó ń dúró kí ó gbọ́ "Ó dáa."

Adékọ́lá dìde lórí àga. Ó wá, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ọkùnrin tí eékún rẹ̀ máa ń ké, ó sì wo ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Mi ò gbọ́," ó ní. "Jọ̀wọ́, tún un sọ."

Morọ́láyọ̀ wò ó. Láti ọdún mélòó kan wá, kò gbọ́ kí ọkùnrin yìí sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó nu imú rẹ̀ nù. Ó la ẹnu dáadáa, ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè rí gbogbo rẹ̀.

"Iléṣà ni mò ń lọ lọ́la," ó ní, ó sì dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, kò fi èyí tó kù kún un.